Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Kí Ló Mú Kí Dátà Tí Áàpù Mi Ń Rán Wúwo Tó Báyìí?

Lẹ́tà mẹ́fà ni a mú nínú àwọn tó wọlé sí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì dá lé lórí, ìyẹn dátà tí ètò kọ̀ǹpútà ń tò kalẹ̀ kó lè rán an lọ sí ibòmíràn tàbí kó lè fi í pamọ́ sínú fáìlì. Iṣẹ́ títò yìí ni àwọn tó ń kọ ètò ń pè ní serialization. Nígbà tí dátà bá wà nínú mẹ́mọ́rì, ńṣe ló fọ́n káàkiri, tí apá kan ń tọ́ka sí apá kejì; kó tó lè kúrò níbẹ̀, a ní láti tò ó tẹ̀léra di ọ̀wọ́ báìtì (ẹyọ tí a fi ń wọn dátà) kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá gbà á lè tún un tò padà sí bó ṣe wà. Ọwọ́ tí a fi tò ó ló ń pinnu bí yóò ṣe wúwo tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń ru ẹrù tí kò yẹ kí wọ́n rù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo kọ áàpù kan tó ń gba ìwọ̀n ìgbóná láti ara ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, JSON, tó ń kọ dátà bí ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà, sì ni mo fi ń tò ó. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo kò ju báyìí lọ:

{"nomba_ero":417,"igbona":23.5,"akoko":"2024-03-15T10:30:00Z","sise":true}

Síbẹ̀, bí àkọsílẹ̀ bá ti pé ẹgbẹ̀rún kan, fáìlì náà ti di báìtì 75,001. Nọ́ńbà mélòó kan péré ni mo ń rán. Níbo ni ìwúwo yìí ti ń wá?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́, nítorí kíka ohun tó wà níwájú ẹni sàn ju kí a máa dá àbá lọ. Báìtì 74 ni àkọsílẹ̀ yín; kọ́mà àti àkámọ́ tó so ẹgbẹ̀rún wọn pọ̀ ló fi ìyókù kún un. Orúkọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àmì tó para pọ̀ di orúkọ wọ̀nyí sì jẹ́ 24. Ẹ fi àmì àyọlò méjì-méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kólọ̀nù tó tẹ̀ lé e kún un, ó di 36. Ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ kí ìdajì ẹrù náà jẹ́ orúkọ. Àwọn iye tí ẹ fẹ́ rán gan-an gba báìtì 33, àkókò nìkan ló sì kó 22 nínú rẹ̀. Kọ́mà àti àkámọ́ ló ni márùn-ún tó kù.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú ẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀, ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ẹ sọ fún ẹni tó ń gbà á pé nọ́ńbà yìí ni ti ẹ̀rọ, eléyìí ni ti ìgbóná, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀ láti orí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Orí kókó yìí ni gbogbo ìdáhùn tí mo fẹ́ ṣe lónìí dúró lé: ohun tí ẹni tó ń gba dátà ti mọ̀, tàbí tó lè fúnra rẹ̀ ṣírò, kò yẹ kó wà nínú ẹrù.

Ẹ kò tíì nílò láti fi JSON sílẹ̀. Dípò kí ẹ ní ẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó jẹ́ orúkọ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún iye lábẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo iye bá gùn tó ti inú àpẹẹrẹ yín, fáìlì náà yóò bọ́ sí 37,045. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àkókò gẹ́gẹ́ bí iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, èyí tó jẹ́ 1710498600 fún àkókò inú àpẹẹrẹ yín. Àmì 10 ti rọ́pò 22, fáìlì sì di 25,045. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ yín ń ka ìgbóná, ẹ kọ àkókò àkọ́kọ́ ní kíkún, kí ẹ wá máa kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ fún àwọn yòókù. Bí ìyàtọ̀ náà bá ń jẹ́ 60 lọ títí, fáìlì ti wálẹ̀ sí 17,053. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá sì ni gbogbo ẹgbẹ̀rún náà, kí la tún ń kọ 417 ní ẹgbẹ̀rún ìgbà sí? Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ku 13,055.

Láti 75,001 sí 13,055, JSON náà ni, ojú ṣì lè kà á, ẹ kò sì wá láíbìrì tuntun kankan. Ohun tí ẹ óò ṣọ́ níbẹ̀ ni pé bí a bá ń kọ ìyàtọ̀, àkókò kọ̀ọ̀kan gbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà bí ọ̀kan bá sọnù láàárín, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣìnà. Ẹ máa kó wọn ránṣẹ́ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ ní kíkún níbẹ̀rẹ̀, kí àṣìṣe inú ọ̀kan má bàa ran òmíràn.

Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gé orúkọ kúrú, kí nomba_ero di n, kí igbona di i. Lóòótọ́, báìtì 20 ni ẹ óò rí gbà lórí àkọsílẹ̀ kan, àmọ́ èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí yóò bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn yín ni yóò san gbèsè rẹ̀, nígbà tí kò bá mọ ohun tí n dúró fún mọ́, bẹ́ẹ̀ títò tí a tò ó lẹ́ẹ̀kan yìí ti mú orúkọ kúrò nínú ọ̀ràn náà pátápátá.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí a fi JSON sílẹ̀ kí a bọ́ sórí Protocol Buffers, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní MessagePack ló dára jù. Kí ni ìyàtọ̀ wọn, ṣé ó sì tó ohun tí à ń forí ṣe fọrùn ṣe fún?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì kì í kọ dátà bí ọ̀rọ̀ tí ojú ń kà, báìtì ni wọ́n ń tò, àmọ́ ìwà wọn kò jọra. MessagePack ń gbé orúkọ sínú ẹrù gẹ́gẹ́ bí JSON ti ń ṣe; àmì àyọlò, kólọ̀nù àti bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà ló ń dín kù. Nọ́ńbà láti 0 dé 127 gba báìtì kan, ọ̀rọ̀ tí kò ju báìtì 31 lọ sì ń gba báìtì kan péré ní àfikún. Bí a bá fi MessagePack tò àkọsílẹ̀ inú lẹ́tà àkọ́kọ́ láìyí ohunkóhun nínú rẹ̀ padà, báìtì 74 yóò di 63, nítorí pé orúkọ ṣì wà níbẹ̀, àkókò ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, 23.5 tó jẹ́ àmì mẹ́rin péré nínú JSON sì lè di báìtì 9 bí ètò bá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà dẹ́símà oníbíìtì 64. Ẹni tó retí pé ẹrù yóò já sí ìdajì yóò rí i pé ọwọ́ òun kò kún.

Protocol Buffers, tí Google ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2008, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ń rán àti ẹni tó ń gbà yóò ti ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ nínú fáìlì kan pé àyè 1 ni nọ́ńbà ẹ̀rọ, àyè 2 ni ìgbóná, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà àyè nìkan ló ń wọ inú ẹrù, orúkọ jókòó sílé. Bó ṣe ń kọ nọ́ńbà pẹ̀lú wù mí láti fi hàn yín. Báìtì kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 8. Ó fi 7 gbé nọ́ńbà, ó sì fi ẹyọ kan tó kù sọ bóyá báìtì mìíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ mú 417: 128 wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku 33. A kọ 33 náà sílẹ̀ ṣáájú, a fi 128 kún un láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán, ó di 161. Lẹ́yìn náà a kọ 3. Báìtì méjì náà nìyẹn, 161 àti 3, nọ́ńbà kékeré kò sì ní san owó nọ́ńbà ńlá.

Nọ́ńbà ẹ̀rọ yóò gba báìtì 3 pẹ̀lú àmì àyè rẹ̀. Bí a bá kọ ìgbóná gẹ́gẹ́ bí ìdá mẹ́wàá, kí 23.5 di 235, òun náà gba 3. Àkókò gba 5 bí a bá lo fixed32, irú nọ́ńbà tó máa ń gba báìtì 4 nígbà gbogbo, true gba 2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 13. Nínú àtòjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi báìtì 2 kún un, nítorí náà ẹgbẹ̀rún kan jẹ́ 15,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 13,055 tí a rí nínú JSON tí a tò dáadáa. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn: ìrònú lórí ohun tó wà nínú dátà lè gbé yín jìnnà ju pípààrọ̀ irinṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe méjèèjì, tí ẹ kó iye orúkọ kọ̀ọ̀kan jọ tí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ àkókò nínú Protocol Buffers, ẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ náà yóò fi díẹ̀ lé ní báìtì 4,000.

Bí ẹ bá gbà láti lọ síbẹ̀, ẹ fi àwọn àyè tí ẹ ń lò jù sí nọ́ńbà 1 sí 15, torí pé àmì wọn gba báìtì kan, nígbà tí 16 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ń gba méjì. Ẹ má fi int32, ọ̀kan nínú irú nọ́ńbà odidi tó ní, kọ iye tó máa ń jẹ́ òdì, nítorí −1 péré yóò gba báìtì 10 nínú rẹ̀. Sint32 ni kí ẹ lò, tó ń ka −1 sí 1, tó ń ka 1 sí 2, tó sì ń ka −2 sí 3, kí òdì kékeré lè wà ní kékeré. Bí ẹ bá sì yọ àyè kan kúrò, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà rẹ̀ fún òmíràn láéláé: fóònù tí kò tíì gba ẹ̀dà tuntun yóò ka ohun tuntun náà bí èyí àtijọ́, kò sì ní kígbe.

Ní tèmi, bí dátà yín bá jẹ́ nọ́ńbà tó pọ̀ tó sì ń lọ láàárín ètò tí ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ni wọ́n, ẹ gba ti ọ̀gá yín. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èrè náà kò tó nǹkan, torí lẹ́tà kò ní kúrú nítorí pé a yí àpótí rẹ̀ padà. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn ará ìta ni yóò máa ka dátà náà, ẹ jẹ́ kó wà ní JSON fún wọn.

Ìbéèrè: Sáfà wa ti ń fi gzip fún gbogbo ohun tó ń rán pọ̀. Ǹjẹ́ ó tún yẹ kí n da ara mi láàmú lórí bí a ṣe to dátà?

Ìdáhùn: Ó yẹ, àmọ́ ìdí rẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí ẹ rò. Orí ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan tó ń jẹ́ DEFLATE ni gzip dúró lé, èyí tí ìwé ìlànà RFC 1951 ṣàlàyé ní ọdún 1996, èrò méjì tó ti pẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni ti Jacob Ziv àti Abraham Lempel, ní ọdún 1977: bí ọ̀wọ́ báìtì kan bá ti hàn rí, dípò kí a tún un kọ, a óò ní kí ẹni tó ń kà á padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ báyìí, kó da báìtì báyìí kọ. Èkejì ni ti David Huffman, ní ọdún 1952: àmì tó ń hàn léraléra ni kí a fún ní kóòdù kúkúrú. Nítorí náà, àwọn orúkọ tó hàn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà nínú JSON, gzip yóò gbé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn mì. Ẹni tó bá wọn JSON àti Protocol Buffers láìfi gzip sí i, tó wá fi ìyàtọ̀ ńlá tó rí ṣe ìpinnu, ara rẹ̀ ló ń tàn, nítorí àlàfo náà máa ń dínkù gan-an lẹ́yìn tí a bá ti fún àwọn méjèèjì pọ̀.

Síbẹ̀ gzip kò lóye dátà yín. Àmì tó tẹ̀ léra nìkan ló rí. Kò mọ̀ pé 1710498660 fi 60 ju 1710498600 lọ. Ó kàn rí i pé àwọn àmì àkọ́kọ́ jọra tí àwọn ìkẹyìn kò jọra, ó sì ń san owó ìyàtọ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá gbé 60, 60, 60 lé e lọ́wọ́, kò sí ohun tó kù fún un láti san. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í wẹ̀yìn ju báìtì 32,768 lọ, nítorí náà ohun tó jọra tí ẹ bá fi jìnnà síra nínú fáìlì ńlá, kò ní rí wọn pọ̀. Kíkó irú mọ́ irú, tí a sọ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, ló ń mú kí gzip ríṣẹ́ ṣe.

Lórí ìfiránṣẹ́ kékeré, gzip lè jẹ́ ìpalára. Báìtì 18, ó kéré tán, ni orí àti ìrù tó fi ń wé ohun tó bá fún pọ̀, bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ oníbáìtì 74 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó hàn lẹ́ẹ̀mejì tó lè tọ́ka sí. Ẹ kó ọ̀pọ̀ jọ kí ẹ tó fún wọn pọ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá gba ìdúró, ẹ wo Zstandard, ètò ìfúnpọ̀ mìíràn tí Yann Collet kọ, tí Facebook sì gbé jáde ní ọdún 2016. Ó gbà kí a kó àpẹẹrẹ ìfiránṣẹ́ wa jọ, kí a fi wọ́n ṣe àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń hàn jù, kí a sì fi àkójọ náà sọ́wọ́ ẹni tó ń rán àti ẹni tó ń gbà. Ìfiránṣẹ́ kékeré á wá ní nǹkan tó lè tọ́ka sí láti báìtì àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé ìlànà wa kan náà nìyẹn: ohun tí àwọn méjèèjì ti jọ mọ̀ kò tún gbọkọ̀ mọ́.

Ẹ tún ro ti fóònù tó ń gba dátà náà. Lójú ọ̀nà nìkan ni ó ti fúyẹ́. Bó bá ti délé, a ó tú u, báìtì 75,001 náà á padà sínú mẹ́mọ́rì, ètò á sì kà á láti orí dé ìdí, bátìrì ni yóò sì fi ṣe é. Bí sáfà yín bá sì ń gba ohun tí a ti fún pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìta, ẹ fi ààlà sí bí ohun tí a tú ṣe lè tóbi tó, torí pé fáìlì kékeré kan lè tú jáde kó kún gbogbo mẹ́mọ́rì.

Ìbéèrè: A kọ́kọ́ ń sọ dátà wa di àdììtú, a wá ń fún un pọ̀, lẹ́yìn náà a ń fi Base64, tó ń sọ báìtì di àmì tí ojú lè kà, kọ ọ́ sínú JSON. Kò kéré sí i rárá, ńṣe ló tún tóbi sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Bí ẹ ṣe tò ó tẹ̀léra ló fà á. Dátà tí a ti sọ di àdììtú dáadáa kò ní ohunkóhun tó jọra nínú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìjọra ni fífún-pọ̀ ń jẹ. Nígbà tí ẹ fi máa dé ìdí gzip, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ẹ fún un pọ̀ ṣáájú, kí ẹ tó sọ ọ́ di àdììtú. Ti Base64 ni pé ó ń sọ báìtì mẹ́ta di àmì mẹ́rin, nítorí náà ìdá mẹ́ta ohun tí ẹ ní ló ń fi kún un, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i ju pé kí ẹ rán báìtì náà bó ṣe wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ JSON, kì í ṣe nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ àṣírí, bíi àmì ìdánimọ̀ oníbàárà, bá wà nínú ìdáhùn kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn lè fi síbẹ̀ láti ìta, ẹ má fún wọn pọ̀ papọ̀. Àwọn olùwádìí fi hàn ní ọdún 2012 pẹ̀lú ìkọlù tó ń jẹ́ CRIME, àti ní 2013 pẹ̀lú òmíràn tó ń jẹ́ BREACH, pé ẹni tó ń ṣọ́ bí ìdáhùn ṣe ń tóbi tàbí kéré lè fi ìyẹn mọ àṣírí náà ní ẹyọ ẹyọ láìtú àdììtú rárá.

Ìbéèrè: Java ni mo fi ń kọ ètò. Kíláàsì mi ń jẹ́ Ipo, int (nọ́ńbà odidi) méjì péré ló wà nínú rẹ̀, x àti y, èyí tó yẹ kó jẹ́ báìtì 8. Mo fi ObjectOutputStream kọ ọ̀kan sínú fáìlì, ó di 40. Ṣé àṣìṣe ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣe àṣìṣe, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ ṣí fáìlì náà wò, báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò jẹ́ AC ED 00 05, tó ń sọ pé Java ló kọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò ṣàlàyé kíláàsì yín: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ tó jẹ́ báìtì 8, iye àyè tó ní, irú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni iye x àti y wà.

Àlàyé yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọ ọ́ nínú ìṣàn kan. Ipo kejì tí ẹ bá kọ sínú ObjectOutputStream kan náà yóò gba báìtì 14, torí pé títọ́ka ni yóò tọ́ka sí àlàyé àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń ṣí tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 ni ẹ óò máa san títí. Ẹ fi transient ṣáájú àyè tí ètò lè ṣírò padà fúnra rẹ̀, kó má bàa wọ fáìlì. Bí kíláàsì náà bá sì rọrùn bí ti yín yìí, ẹ fi DataOutputStream kọ x àti y tààrà, báìtì 8 ni, ó parí. Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n yàgò fún ọ̀nà inú Java yìí bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwúwo kọ́ ló sì ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀. Ẹni tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ àjèjì ń jẹ́ kí àjèjì náà yan ohun tí ètò rẹ̀ yóò ṣe. Pickle, ọ̀nà tí Python fi ń to dátà tirẹ̀, rí bákan náà, ìwé ìlò rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ fún wa.

Ìbéèrè: Ètò mi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Nígbà tí mo ṣí fáìlì JSON tí Python kọ, \u1ecd\u0300 ni mo rí níbi tó yẹ kí ọ̀ wà, fáìlì náà sì tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹnì kan ní kí n yọ àmì ohùn kúrò kó lè fúyẹ́. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Dídín dátà kù yàtọ̀ sí pípa dátà run. Ẹ yọ àmì lára ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn dà, kò sì sí ètò tó lè dá wọn padà fún yín pẹ̀lú ìdánilójú. Ohun tí a bá dín kù, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí kò ṣeé mọ̀ mọ́.

Àmì ohùn kọ́ ló ń mú fáìlì yín wúwo. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ní UTF-8, ìlànà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, ọ gba báìtì 3, àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ gba 2, n gba 1, à gba 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8. Àmọ́ Python, bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, kì í kọ lẹ́tà tí kò sí nínú ASCII, àkójọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sínú JSON bó ṣe wà. Ó ń kọ \u1ecd\u0300n\u00e0, tó jẹ́ báìtì 19. Ó ti ju ìlọ́po méjì lọ láìsí ìdí, nítorí JSON gba UTF-8 láìjanpata. Ẹ kọ json.dumps pẹ̀lú ensure_ascii=False, kí ẹ sì ṣí fáìlì náà pẹ̀lú encoding="utf-8". Ojú yín yóò sì lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sí ojú. Lẹ́tà à ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà kọ ọ́ nínú Unicode, àkójọ àmì gbogbo èdè: ó lè jẹ́ ẹyọ kan, tó gba báìtì 2, tàbí kó jẹ́ a pẹ̀lú àmì ohùn lọ́tọ̀, tó gba 3. Pátákó ìtẹ̀wé kan ń tẹ ti àkọ́kọ́, òmíràn ń tẹ ti ìkejì, àwọn méjèèjì sì máa ń pàdé nínú àkójọ kan náà. Ti ọ̀ kò ní yàtọ̀ ní ìwọ̀n, báìtì 5 ni bí a bá kọ ọ́ báyìí tàbí báyẹn, ṣùgbọ́n báìtì tó wà nínú rẹ̀ kò jọra. Ẹ fi unicodedata.normalize ti Python sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní ẹnu ọ̀nà, kó tó wọ ibi ìpamọ́. Fáìlì yóò fúyẹ́ díẹ̀ sí i, gzip yóò rí ìjọra tí kò rí tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ ọ̀nà sínú àpótí ìwádìí yóò rí gbogbo ibi tí ọ̀nà wà, pátákó yòówù kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.